Okùn Kẹta Tí Kò Fẹ́ Sunkún

"Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe ń ti okùn gìtá tó fi ń sunkún báyìí?"

Malcolm ló béèrè, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ẹ̀rọ tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Èmi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tún gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá rẹ̀, tó jókòó ti iná, tó ń jẹ ẹja àti ànàmá díndín, kò gbójú sókè. Èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà kan ló ń ta gìtá nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ohùn kan á gbéra nísàlẹ̀, á máa yọ́ gòkè bí ẹkún ọmọ, bẹ́ẹ̀ a gbọ́ ọ pé ìka ọkùnrin náà kò kúrò lójú kan, ó kàn ń ti okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Tí Malcolm bá dán an wò, okùn kẹta á le bí irin, ohùn á kàn mì díẹ̀, á kú.

"Yáa fi í sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mo ti bá ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, o ń bá wa lọ sójú òkun Iceland. Ẹja kì í béèrè ẹni tó mọ gìtá ta."

"Ẹ jẹ́ kí Sátidé kọjá ná, Bàbá."

"Sátidé á kọjá. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Sátidé ni Garbutt, olórí ẹgbẹ́ búlúùsì kan, ń bọ̀ láti Manchester. Onígìtá ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sá lọ sí London, ó sì ń wá ẹlòmíì. Ó ti sọ lórí fóònù pé ẹni tó yára lọ́wọ́ pọ̀ nílẹ̀, ẹni tó lè mú okùn sunkún lòun ń wá. Tó bá mú Malcolm, orin búlúùsì ni yóò máa fi jẹun. Tí kò bá mú un, ó di inú ọkọ̀ ìpẹja, níbi tí òtútù ti ń jẹ ọwọ́ èèyàn títí kò fi ní wúlò fún gìtá mọ́. Ní òpópónà Hessle, ní ìlú Hull tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ọmọ apẹja tó sá fún òkun kò wọ́pọ̀.

Ìṣirò ni mò ń kà ní yunifásítì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni mo sì ń ta nínú ẹgbẹ́ wa. Tí mo bá gbọ́ àlọ́ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, oorun ò ní kùn mí. Mo ní ká dẹ okùn náà. Ó dẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo orin dàrú. Mo ní ká fi òróró pa á. Ìka Malcolm ń yọ̀ kiri bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín. Mo ní ká bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná.

"Fi iyọ̀ sí i," ni Malcolm wí, "ká kúkú jẹ ẹ́."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ìka rẹ̀ ti bó débi pé kò lè di ife tíì mú.

Lọ́sàn-án Sátidé, Garbutt dúró láàárín gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣeré, òjò ń kán lára kóòtù rẹ̀. Ó gbọ́ wa títí a fi ṣe tán. Ó wá wo Malcolm.

"Ọwọ́ ẹ dáa, àbúrò. Àmọ́ nǹkan tí mò ń wá ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mu tíì díẹ̀, kí n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin."

A wọ yàrá ẹ̀yìn. Malcolm fi ẹsẹ̀ gbá àga. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó tún lọ. Ní igun yàrá ni Cyril jókòó sí, bánjò rẹ̀, ohun èlò olókùn onídìí roboto bí abọ́, lórí itan. Àwọn ẹgbẹ́ oníjáàsì tirẹ̀ la jọ ń lo yàrá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń dé fìlà roboto, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù aláìlápá onílà. Àwa ọmọ búlúùsì kì í wò wọ́n, àfi tí a bá fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín.

"Ta ló kú?" ni Cyril béèrè láàárín eyín.

"Orin yín ni, Ọ̀gbẹ́ni Cyril. A ṣì ń wá ẹni tó máa sin ín," ni Malcolm dá a lóhùn.

"Ó dáa. Àwa tí orin wa kú la níṣẹ́ lálẹ́ òní. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń mí ńkọ́?"

"Abọ́ tí ẹ so okùn mọ́ yẹn, tí ẹ̀ ń pè ní…"

Èébú náà kú sí Malcolm lẹ́nu. Ẹnu Cyril ló ń wò. Ó ń pààrọ̀ okùn bánjò rẹ̀ ni, ó sì fi eyín di èyí tó fẹ́ so mú. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Bí Cyril bá ṣe ń mí, bẹ́ẹ̀ ló ń mì.

"Kí lẹ fi eyín dì mú yẹn?"

"Okùn bánjò. Àbí o rò pé ìrù eku ni?"

"Ẹ fún mi."

"Bẹ̀bẹ̀ bí ọmọ gidi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi."

"Mo ti wá di bàbá báyìí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó nà án sí i.

Malcolm tú gbogbo okùn gìtá rẹ̀. Ó fi ti bánjò sípò àkọ́kọ́, ó sún ti àkọ́kọ́ lọ sípò kejì, ó sún èkejì, tí kò ní wáyà wíwé lára bíi ti ẹ̀kẹta àtijọ́, lọ sípò kẹta. Bẹ́ẹ̀ ló sún wọn títí ó fi ku èyí tó nípọn jù lọ. Ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tó wà ní ìdí okùn náà, ó fi há ojóbó okùn bánjò kó má bàa já bọ́, ó sọ ìyókù sílẹ̀. Èmi ni mo bá a fà wọ́n le. Mo ti wo fìlà Cyril, mo ti wo ikùn Cyril, mo ti fi méjèèjì dá àpárá. N kò wo okùn rẹ̀ rí.

Malcolm ki wáyà gìtá rẹ̀ bọ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ó ti okùn kẹta. Okùn náà tẹ̀lé ìka rẹ̀ láìjanpata, ohùn gbéra nílẹ̀, ó yọ́ gòkè, ó sunkún. Nínú gbọ̀ngàn, Garbutt, tó ti ń dágbére fún obìnrin alátíì, gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà wa.

Malcolm tún un tì.