Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ganiyatou

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ìyá ṣe ń dùn, kó lọ béèrè ní Manigri lọ́dún tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ganiyatou yọ lójú kọ̀ǹpútà. Alimatou, ìyá rẹ̀, ń ti ilé dé ilé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wọn bí ojú ọmọ òun ṣe fẹ̀ tó ní Libreville tó lọ ṣiṣẹ́. Ó ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dín àkàrà fún àwọn ọmọ kéwú, àwọn obìnrin tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá wá jẹ níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni àkàrà náà kò gba ọ̀fun rẹ̀ lọ. Wassiou ni, nítorí òun ló mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti wá.

Ọmọ Manigri ni Wassiou, ṣùgbọ́n Bassila ló ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Òun àti Ganiyatou ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà kí ọmọbìnrin náà tó lọ. Ọdún méjì péré ló ní òun yóò lò lọ́hùn-ún, ó sì ti di ọdún karùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ Wassiou ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni tirẹ̀, á ní iṣẹ́ ló ń dí òun lọ́wọ́. Irọ́ ni. Àárò ọmọbìnrin yẹn ló ń sọ ọ́, kò sì sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́.

Ojú Alimatou kò ríran dáadáa mọ́. Bí ọmọ bá pè lórí fóònù, ohùn ló ń gbọ́, òjìji ló ń rí. Ni Ganiyatou bá ní kí ìbátan wọn kan ní Cotonou wá kọ̀ǹpútà àlòkù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ gbàràgàdà ránṣẹ́ sí ìyá òun. Kọ̀ǹpútà dé, kò ṣiṣẹ́, ètò inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Wassiou pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó fi ètò tuntun sí i. Ìgbà tó máa tàn, ohun gbogbo inú rẹ̀ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́tà fẹ̀, àwòrán fẹ̀. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n ojú rẹ̀ padà, ìwọ̀n méjì péré ló bá níbẹ̀, méjèèjì jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ojú wọn rí bí àpótí. Ètò tuntun náà kò mọ irú ojú tó wà níwájú rẹ̀, ó kàn ń na àwòrán kékeré kó lè kún ibi gbogbo. Pílọ́ọ̀tì ló kù, ìyẹn ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ojú ara rẹ̀. Kòńẹ́síọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì Manigri kò lágbára tó láti fà á wá. Wassiou ní òun á lọ gbé e wá láti Bassila.

Ganiyatou kò dúró de pílọ́ọ̀tì. Ó pè lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn ìrun. Wassiou jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí òun ti lè rí i tí kámẹ́rà kò sì ní mú òun. Ọmọbìnrin náà yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ọrùn nípọn, èjìká gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Alimatou ń wí pé ọmọ òun ti sanra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ganiyatou rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Agogo kan tó yẹ kó rí róbótó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fẹ̀ lábùúbú bí ẹyin tí wọ́n fi lélẹ̀. Wassiou wo agogo yẹn, ó fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ padà sí róbótó, ó sì fi ọkàn tẹ ojú ọmọbìnrin náà bákan náà. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sọ. Ta ni yóò gba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá? Nígbà tó gbé pílọ́ọ̀tì dé lọ́sẹ̀ kejì, Alimatou ní kó má fọwọ́ kàn án, ó dára bó ṣe wà. Wassiou gbé pílọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sí Bassila. Ara sì tù ú díẹ̀, ká má parọ́.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ó bá Alimatou níbi tó ti ń sá kajú, ó bi í pé ìgbà wo ni Ganiyatou ń bọ̀. Alimatou, tí kì í pa òwe mìíràn láti ọdún márùn-ún ju pé àjò kì í dùn kónílé má relé, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni yóò wá ṣe? Ibi tó ti ń sanra ni kó wà. Òun tilẹ̀ ti sọ fún un pé kó lo ọdún méjì sí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Wassiou wọ egungun. "Ìyá," ló wí, "ojú kọ̀ǹpútà yẹn ló sanra. Kì í ṣe Ganiyatou."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Alimatou gbọ́ ọ dé òpin, ó ń fi ọwọ́ tú kajú ká lórí ẹní.

"Torí kó lè wá fẹ́ ọ lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo fẹ́ kó wá, Ìyá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó."

Alimatou da kajú ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹní. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Pílọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ kò bá a mu, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, Alimatou sì ń kùn pé ó ti bà á jẹ́. Wassiou pa á, ó tún un tàn, ó gbìyànjú èkejì. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà inú rẹ̀ sì sún kì, ó mọ́ kedere. Ìwọ̀n tó tọ́ ti wà níbẹ̀ báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n kírun tán, Ganiyatou pè. Agogo ara ògiri rí róbótó. Níwájú rẹ̀ ni ọmọ kan jókòó tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, tí egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Alimatou sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. Kò pariwo. Ó bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ganiyatou ní ìrẹsì ni. Ìjẹta ńkọ́? Ganiyatou ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Máa bọ̀ nílé," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ganiyatou wolẹ̀. Ó béèrè bóyá Wassiou wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà. Ó fa ìborùn bo ojú.

"Kó má wò mí."

Wassiou ti dìde kí wọ́n tó sọ fún un. Ó jáde sí àgbàlá, ó dúró ti kajú tí wọ́n sá, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ní kó kà á. Ọdún márùn-ún ló fi wá ojú yẹn, ó wà nínú ilé lọ́hùn-ún lórí tábìlì, wọ́n sì ní kó má wò ó. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ́ wọn.

"Ìyá, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá bá àwọn ará ilé báyìí?"

"Àwọn ará ilé ti rí ọ nígbà tó o sanra. Èmi ni mo fẹ́ rí ọ báyìí."

Ẹkún ni Wassiou tún gbọ́, kò mọ̀ bóyá ti ìyá ni tàbí ti ọmọ. Ó pẹ́ gan-an kí Alimatou tó yọrí lójú fèrèsé.

"Wassiou, ó ní kó o máa wọlé bọ̀."

Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó wọlé.