Òróró Inú Ẹ̀jẹ̀

“Ìyá Ìbejì, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ ń mu òróró yẹn, àbí ẹ kì í mu ún?”

“Mò ń mu ún, mà. Ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ rí.”

Mo yí ìwé èsì àyẹ̀wò sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò lè yé e. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ni mo sì máa ń gbà gbọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àwọn aláìsàn ń pè mí, torí èmi ni mò ń gún wọn. Obìnrin yìí nìkan ni kì í bẹ̀rù mi. Aránṣọ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó na apá sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gún un, mà. Abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ àwa méjèèjì.” Nígbà yẹn, ọkọ rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú, jẹjẹrẹ sì ti wà lọ́yàn tirẹ̀.

Ìwádìí tí à ń ṣe ní ọsibítù wa kò ṣòro láti yéni. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ló ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú awọ náà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbọ́n bí ìjàpá: ó máa ń to ọ̀rá tirẹ̀ lọ́nà tí oògùn ò fi ní ráyè ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀gá wa, dókítà àgbà, wá rò ó pé bí aláìsàn bá ń mu irú òróró kan lójoojúmọ́, ọ̀rá inú awọ yẹn á yí padà díẹ̀díẹ̀, oògùn á sì rí ibi gbà wọlé. A ò tíì mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tó fi jẹ́ ìwádìí nìyẹn. Ohun tó dá wa lójú ni pé ẹni tó bá mu òróró náà fún oṣù mélòó kan, a máa rí i nínú awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò ṣeé fi pamọ́.

Òróró ọ̀hún wọ́n bí ojú. Ọ̀fẹ́ la sì ń fún wọn, òun àti oògùn jẹjẹrẹ gan-an, èyí tí àwọn ẹlòmíì ń ta ilé ta ilẹ̀ torí rẹ̀. Àmọ́ òfin Ọ̀gá le: ẹni tí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì tí a ò rí òróró níbẹ̀, kó máa lọ, àwọn mìíràn ń dúró. Bí Ìyá Ìbejì bá kúrò nínú ìwádìí, oògùn rẹ̀ tán nìyẹn.

Kí ẹ tó ní ojú mi le jù, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin kan ti fi orí ọmọ rẹ̀ búra fún mi rí pé òun ń mu òróró, mi ò sì mọ̀ pé ó ti tà á fún ará àdúgbò rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

“Mo gbé ìgò ẹ̀ dání,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ó yọ ọ́ nínú àpò. “Ẹ tọ́ ọ wò, mà. Ti oṣù àkọ́kọ́ ń rùn bí ẹja. Èyí ò rùn rárá.”

Mo gbé ìgò náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìgò kan là ń fún wọn lóṣù; èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ọrùn, ìparí oṣù sì nìyẹn. Mi ò ṣí i. Ìgò tó kún níparí oṣù, kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbọ́?

“Ta ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀ nílé?”

“Àǹtí ni. Wọ́n ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, torí àwọn ọmọ. Àwọn náà ni wọ́n ń bù ú fún mi.”

Àǹtí yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ti jókòó síta látàárọ̀. Olóyin la sọ ọ́ láàárín ara wa, torí kò sẹ́ni tí kì í kí, látorí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ìkíni rẹ̀ sì máa ń dùn létí. A ti fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà lọ́jọ́ tí a fa ti ìyàwó àbúrò rẹ̀ fún àyẹ̀wò kejì yìí, torí ìwádìí wa ń fẹ́ ẹnì kan tí ara rẹ̀ le láti ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, ká lè fi wọ́n wéra. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé kì í ṣe kánjúkánjú. Inú fìríìjì ló máa ń wà títí a ó fi ráyè tirẹ̀.

Mo pè é wọlé, mo bi í.

Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Ìyá wa, kí ni kí n sọ? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú fún un. Tí mo bá wá bù ú tán, ṣé kí n máa tẹ̀ lé e kiri bí ọlọ́pàá ni? Ọ̀rọ̀ ikú ọkọ ṣì ń dùn ún. Mi ò sọ pé ó ń dà á nù o!”

“Àǹtí!” Ìyá Ìbejì kígbe. “Ìṣojú yín ni mo ti ń mu ún!”

“Ṣé mo ní o ò mu ún ni, ìyàwó mi? Fara balẹ̀.”

Ẹnì kan ń pariwo, ẹnì kejì ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pariwo ni mo fura sí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aláìsàn kọ̀ láti lo òróró, mo sì fọwọ́ sí i. Ìyá Ìbejì kàn béèrè bóyá òun lè gba oògùn ti ọjọ́ yẹn kóun tó lọ. Mo ní rárá, a ti yọ orúkọ rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé tó kan ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Mò ń wo iye òróró inú wọn lọ, ó kéré bó ṣe yẹ kó kéré, àfi ti ẹnì kan. Mo fura sí ẹ̀rọ, mo tún àyẹ̀wò náà ṣe. Mo fura sí ara mi pé mo ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan fún ti ẹlòmíì, mo wo orúkọ ara ìgò wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo fura sí gbogbo nǹkan tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí fura sí Olóyin. Òróró wa kún inú awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju ti aláìsàn èyíkéyìí lọ. Obìnrin náà ti ń mu òróró ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti oṣù kejì, ó sì ń rọ òróró tí wọ́n fi ń dáná nílé sínú ìgò dípò rẹ̀. Ojú tì mí. Mo sáré tọ Ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá wo ìwé náà, ojú rẹ̀ ń dán. “Ẹ ò rí bó ṣe wọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì tó! Èsì tó dáa nìyí o.”

“Ọ̀gá, Ìyá Ìbejì ò purọ́.”

“Ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Ṣé kí n lé ìyẹn ni?”

“Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọsibítù tó máa kà á tó máa gbà á.”

“Ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì kọ ẹ̀sùn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. A ó tún ìwé ẹ̀ ṣe.”

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti bá Ìyá Ìbejì nílé wọn. Ó ti rù, aṣọ ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù ú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tẹ́ ìwé ẹ̀sùn síwájú rẹ̀.

“Mo mọ̀, mà,” ló wí. “Mo ti mọ̀ látìgbà tí kò ti rùn mọ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?”

“Mo sọ. Mo ní kí ẹ tọ́ ọ wò.”

Mo na kálámù sí i, kò gbà á.

“Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún mẹ́fà,” ló wí. “Èmi ò ní ìyá, mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá kú, Àǹtí ló máa kó wọn. Ṣé kí n bá wọn jà lónìí, kí n wá fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn lọ́la?”

“Tí wọ́n bá tún ìwé yín ṣe, tí ọsibítù míì gbà yín, ẹ lè má kú.”

“Ṣé ẹ lè ṣèlérí ẹ̀ fún mi?”

Mi ò lè ṣèlérí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Olóyin wọlé látìta, ara rẹ̀ ń dán, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Ìbejì ti yára fi aṣọ bo ìwé náà.

“Háà, Ìyá Abẹ́rẹ́ wa! Ẹ kú ìrìn o. Ìyàwó mi lẹ wá wò? Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere.” Ó sún mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀jẹ̀ tèmi tí ẹ fà lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé ara mi le?”

Ìyá Ìbejì wò mí. Ó ń fojú bẹ̀ mí.

“Ara yín le, Àǹtí,” ni mo wí.

“Ọlọ́run mi, o ṣeun!”

Ìyá Ìbejì fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde, ó lọ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.