Fílítà tí Mùíbì Gbé Sókè

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ìrẹsì Ọ̀fàdà di òkúta lẹ́nu mi. Ó ṣojú èmi Olúṣẹ̀yẹ ni, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ pa ẹnu mọ́ ná.

Ẹ mọ Mùíbì, ọmọ Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe n'Íbafọ̀. Lọ́dún tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ayé ń tanná kiri lọ́sàn-án gangan, Mùíbì ní òun ò ra fóònù, bàálù lòun máa kàn. Ó sì kàn án! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá ló gbé síwájú, páìpù ló fi ṣe eegun ẹ̀, tapólì ló fi bo apá ẹ̀. Apá yẹn gùn láti ibí dé Àjùwọ̀n. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní ó dé ẹnu géètì yẹn.

Bọ̀dá Láwàlì, àgbà mẹkáníìkì láti Ifọ̀, ló bá a tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Gbogbo nǹkan ni ọ̀rọ̀ wọn bára mu lé lórí, àfi fílítà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ epo kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá Láwàlì mú fílítà ńlá kan wá, tó ní kọ́ọ̀pù dígí nídìí.

"Mùíbì, ìsàlẹ̀, níbi tí rọ́bà epo ti rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kó o fi èyí sí. Omi àti ìdọ̀tí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń wá. Kọ́ọ̀pù yìí á dá wọn dúró, epo nìkan á sì máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe tóbi! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ lẹ fẹ́ kí n gbé fò ni?" Mùíbì yọ fílítà ọ̀kadà kékeré lápò, oníke tó mọ́ gaara, pépà ló wà nínú ẹ̀. "Òkè ẹ́ńjìnnì ni màá so èyí mọ́, níwájú ojú mi. Tí n bá ṣáà ti ń rí epo, ọkàn mi á balẹ̀."

"Ojú ẹ ò lè sẹ́ omi. Tí omi bá débẹ̀, pépà yẹn á wú, epo ò ní kọjá mọ́."

"Omi wo, ẹ̀gbọ́n? Gèlè màámi la fi sẹ́ epo yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta!"

Òótọ́ ni. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì ni, gèlè funfun ni wọ́n sì fi sẹ́ ẹ. Bọ̀dá Láwàlì mi orí. "Kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ ẹ lókè, má gbé imú ẹ̀ sókè o. Jẹ́ kí imú wálẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé ẹ."

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ti bàálù dé pápá kan lẹ́yìn Mówè. Èrò tó wá wòran, Hájì ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Mùíbì, àmọ́ ó ń pariwo, "Ẹ kúrò lọ́nà!" kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀. Ìyá ẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn kẹ́yìn síbẹ̀ ná, kí òun ṣàdúà sí bàálù náà. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin. Mùíbì nìkan ló kù. Ta ló máa sọ pé rárá? Wọ́n kẹ́yìn.

Ló bá fò! Ó kọjá òpó iná, ó kọjá igi ọ̀pẹ, títì Èkó sí Ìbàdàn wá dà bí okùn bàtà. Lékeléke kan yà á sílẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò ó bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni Mùíbì wo fílítà.

Nǹkan kan ń mì nísàlẹ̀ epo, ó mọ́ bí omijé. Omi. Kódà, ó ń pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mùíbì nawọ́ síwájú kó lè tú fílítà náà. Ó ku ìwọ̀n ìka kan kí ọwọ́ ẹ̀ tó o. Ó tún nà án. Bẹ́líìtì fà á sẹ́yìn. Tó bá tú bẹ́líìtì, ilẹ̀ ló kàn. Ohun tó so síbẹ̀ kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀, òun náà ló wá ń fi ikú hàn án, tó mọ́ gaara.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dákẹ́.

Ẹ ò mọ ìdákẹ́jẹ́. Mùíbì gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké nísàlẹ̀. Ó gbọ́ eyín ara ẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó fa imú bàálù sókè, kó sá fún ilẹ̀. "Màámi o," ló ń wí, "màámi, ẹ má sin mí." Ọwọ́ ẹ̀ ti ń fà á sókè, bàálù ti ń gbọ̀n, kó tó rántí Bọ̀dá Láwàlì. Ó dijú, ó ti imú bàálù sílẹ̀, síbi tó ń bà á lẹ́rù gan-an.

Afẹ́fẹ́ gbá apá bàálù mú. Ó ń sáré bọ̀, ó ń sáré bọ̀, ó kó wọ oko ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹrẹ̀ sì gbà á mọ́ra. Apá kan kán. Mùíbì jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá ẹ̀ dì mọ́ ọn tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Bọ̀dá Láwàlì tú fílítà, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn ẹ̀. "Omi ni. Ta ló bu omi sí táǹkì?"

Ìyá ẹ̀ tú ọwọ́ kúrò lára ọmọ ẹ̀.

"Èmi ni," ni Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Omi Sámúsámù tí Àlájà àdúgbò wa gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Ìdajì ìgò péré. Mo ní kó máa ṣọ́ ọ lọ́nà ni."

Bọ̀dá Láwàlì wo ìyá, ó wo ọmọ. "Màmá, orí ọmọ ni kẹ́ ẹ máa dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi táǹkì sílẹ̀."

Mùíbì ò bá ìyá ẹ̀ jà. Ó kọjú sí Bọ̀dá Láwàlì. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìkòkò ọbẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ lóòótọ́! Nígbà tó yá, ó so òmíràn mọ́ sítóòfù ìyá ẹ̀, ó so òmíràn mọ́ kẹ́tùlù. Ta ló sì gbé bàálù kúrò nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà? Èmi ni! Mo gbé e lé orí, Mùíbì wà nínú ẹ̀, láti Ọ̀fàdà dé…

"Olúṣẹ̀yẹ, máa lọ sílé!"

Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e o…

"Sílé!"