Ṣòkòtò Tí Onílé Wọ̀ Lọ Búra

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà, ọdún 1987, onílé wa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jù sínú òjò. Ó ní ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí òun sun oorun ọ̀sán. Oyún oṣù méje wà nínú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ru ẹrù aṣọ àwọn oníbàárà jáde, èmi gbé ẹní àti ìkòkò. Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, dúró lójú títì, omi ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin yìí máa nílò tẹ́lọ̀," ló wí.

"Tó bá gbé aṣọ wá, ẹ rán an dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ọjọ́ tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ ṣìkà, n ò ní jókòó nílé yín mọ́. Ẹ búra fún mi."

Ó búra. Ẹni tí òjò ń pa kì í jiyàn.

Nínú ìtàn, ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san a máa rù, a máa gbẹ, a máa pọ́n idà nínú igbó. Bọ̀dá jẹun, ó sùn, ó sanra, ìbínú rẹ̀ sì ń sanra pẹ̀lú rẹ̀. A rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èmi ń lọ aṣọ fún wọn. Ọdún kẹsàn-án ni onílé wọlé. Wọ́n ti yàn án sípò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ó fẹ́ kóòtù àti ṣòkòtò tí yóò wọ̀ lọ búra.

Kò dá wa mọ̀.

"Wọ́n ní ọwọ́ rẹ dáa, tẹ́lọ̀. Tẹ́lọ̀ kan gbé ilé mi nígbà kan. Ọmọlúàbí ni. N ò mọ ohun tó lé e lọ."

"Bóyá òjò ni, sà," ni Bọ̀dá wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó gbé apá sókè kí wọ́n wọn òun.

Mo rò pé ohun tó dun Bọ̀dá jù nìyẹn. Ó ti gbé ọ̀tá sínú fún ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀tá kò sì mọ̀ pé òun gbé ibẹ̀.

Nígbà tí ó lọ tán, Bọ̀dá fa òwú kan yọ tí oòrùn ojú fèrèsé ti jẹ, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá mí sí i, ó já.

"Èyí ni màá fi rán ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá ṣe jókòó níwájú gbogbo ìlú, ó parí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ìwọ lo máa sọ fún un?"

Mo ní rárá.

Aṣọ kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹ̀gbọ́n mi má ti fi ọwọ́ fa gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀ wò. Bọ̀dá mọ̀, ó sì gbọ́n. Ó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí ti onílé, òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Bọ̀dá kò yẹ aṣọ kankan wò rí. Bó ṣe jáde lọ ra bọ́tìnnì báyìí, ìyàwó rẹ̀ fa ṣòkòtò náà wò. Ìdí rẹ̀ là bí ẹnu.

Mo ń dúró de ìbínú. Omijé ni mo rí.

"Ojú ọkọ mi ti ń lọ, àbúrò mi. Wo òwú tó mú. Ó mọ̀, ló ṣe ní kí n má wò ó. Ó ń dá ìyà yìí jẹ."

Bí mo bá sọ òótọ́, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò lọ. Mo ní àgbà ló ń dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Bọ̀dá.

Ó tú ìránṣọ náà, ó tún un rán ní ìlọ́po méjì, ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Má sọ fún un o." Báyìí ni ó ṣe fara balẹ̀ rán ìdí ṣòkòtò ọkùnrin tó lé òun toyún-toyún sínú òjò. Ẹnu mi wá di àpótí tí èèyàn méjì tì, tí oníkálukú mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Lọ́jọ́ ìbúra, Bọ̀dá fi lọ́fínńdà sára, ó mú wa jókòó níwájú. Onílé jókòó. Kò sí nǹkan. Ó dìde, ó búra, ìwé ọwọ́ rẹ̀ bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un. Bọ̀dá di ojú. Kò sí nǹkan. Onílé nàka sí i, ó ní tẹ́lọ̀ òun nìyẹn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá dìde, ó sì tẹrí ba fún wọn.

Nílé, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Òwú yẹn," ló ń sọ lábẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo tún un rán. Ẹ má bínú. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ríran dáadáa mọ́."

Bọ̀dá wò mí. Èmi wo àyọ́ọ̀nù. Bí ojú rẹ̀ bá dáa, ọwọ́ rẹ̀ ló burú, ìyàwó rẹ̀ á sì lọ bó ti wí nínú òjò.

"Ó ti ṣe díẹ̀," ló wí. "Gbogbo nǹkan kàn ń ṣú."

Wọ́n sunkún mọ́ ara wọn. N ò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì mọ ibi tí mo lè fi ẹ̀rín mi sí. Bọ̀dá kọ̀, kò lọ rí dókítà ojú. Ẹ̀gbọ́n mi gba sísọ́ọ̀sì àti téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sinmi. Ó máa ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì. Bọ̀dá ló sì máa ń kìlọ̀ fún un pé ọkọ̀ ń bọ̀.

Bọ̀dá kò rán aṣọ kankan mọ́ títí ó fi kú.