Ẹ̀yìnkùlé Wa Ni Títì Gbà

Wọn ò ní dá ògiri mi lu. Kí bíríkìlà tí ọmọ mi mú wá jókòó síta títí yóò fi sú u, kó di òòlù rẹ̀ mú dáadáa... èmi ò dìde níbí.

"Mààmi, ẹ jẹ́ ká kàn la ojú ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ lè kọjú sí títì." Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Èmi, kí n kọjú sí títì! Títì tó jẹ́ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ máa wo ilé ìdáná mi, ṣálángá mi, yẹ̀rì mi tó ya lórí okùn—

Ta ló mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni títì máa wá gbà? Nígbà tí à ń kọ́lé, ojú irin nìkan lọ̀nà. Ọkọ mi ló ń ju àsíá fún ọkọ̀ rélùwéè. Alásíá ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹni tó bá kọ̀yìn sí rélùwéè, oúnjẹ ló kọ̀yìn sí. Gbogbo abúlé gbọ́ tirẹ̀, ilé tò lọ bẹẹrẹ, ojú gbogbo wọn síbì kan náà. Tí fèrè bá ti dún, a ti sáré jáde, à ń juwọ́, à ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò ọkọ̀ kì í tiẹ̀ wò wá. Òmùgọ̀ ni wá!

Rélùwéè wá lọ. Kò dágbére. Ọ̀gá ibùdókọ̀ kẹ́rù, oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e. Alásíá ní tirẹ̀ ń fọ àsíá, ó ń lọ̀ ọ́. "Wọ́n á padà, ìyàwó mi. Wọ́n á padà." Mò ń wò ó láwòsunkún, ó ń wo ara rẹ̀ láwòrẹ́rìn-ín. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ló kú sí. Inú ń bí mi... inú ń bí mi sí i, òkú ọ̀run!

Ìdí nìyí tí mo fi ń jókòó síwájú ilé, kí ẹnì kan ṣáà wà níbẹ̀ tí wọ́n bá... tí ta ni bá dé? Igbó ti bo irin. Ewúrẹ́ ló ń sùn lórí ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé lọmọ mi ń gbà wá láti títì. Ó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ okùn aṣọ, ó ń fo omi ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ gbé ọmọ tuntun wá, wọ́n dúró lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pè, wọ́n ń pè. "Mààmi ò sí nílé ni?"

Mo wà nílé. Mo gbọ́ wọn. Mo rò pé—kí ni mo rò ná? Igbó ni mò ń wò.

Olúwa ò... Gbogbo ẹni tó ṣẹ́ kù tó ṣì ń wá mi, ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn.