Mẹ́mọ́rì Méjì Inú Páálí Kan

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi mẹ́mọ́rì tuntun, ègé pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbé iṣẹ́ ńlá, sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ayàwòrán ilé náà kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Ó dúró ti tábìlì, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ àfi èyí tí Ọlọ́run bá ti pè.

"Wò ó," ó ní, ó gbé páálí pẹlẹbẹ kan sókè. "Méjì ló wà níbí. Wọ́n ti dán wọn wò pọ̀ kí wọ́n tó dì wọ́n pọ̀. Eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá. Tó o bá yọ ọ̀kan, tó o wá fi àjèjì sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹ̀rọ lè tàn o, àmọ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá le ni wàá mọ ohun tó ń ṣe ẹ́."

"Bíi tọkọtaya," àbúrò rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Tọkọtaya wo? Tọkọtaya máa ń jà. Àwọn yìí kì í jà."

Ó yọ wáyà iná, ó fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀rọ náà kí iná tó wà lára òun fúnra rẹ̀ lè ti ibẹ̀ jáde, kó má baà ba mẹ́mọ́rì náà jẹ́. Ó ṣí ihò méjì tí àwọ̀ wọn jọra, ó wo ibi tí wọ́n gé lára mẹ́mọ́rì náà kí ó má baà kì í sódì, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dún kẹ́. Èkejì náà dún kẹ́. Dúdú ni àwọn méjèèjì, nọ́ńbà ara wọn sì tẹ̀lé ara wọn: ọ̀kan parí sí mẹ́rìnlá, èkejì sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ayàwòrán fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé àwòrán rẹ̀, torí pé gbogbo nǹkan ló máa ń kọ sílẹ̀, títí dé ìbú fèrèsé ilé onílé.

"Má ṣí i fúnra rẹ o," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Ohunkóhun tó bá ṣe é, pè mí. Kí ni mò ń ṣe láyé?"

Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ohun tó mú un ra mẹ́mọ́rì nìyí. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tó ti ń ya ilé fún àwọn èèyàn ní igun pálọ̀ bàbá wọn. Ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí i, orúkọ ẹlòmíràn ló ń wà lábẹ́ rẹ̀. Wàyí o, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ya ilé fún ìjọba ń wá ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì ti ṣà á títí ó fi ku èèyàn méjì, òun àti ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Aláriwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wọn láti ya ilé ìwòsàn alájà méjì, yàrá dé yàrá, lọ́nà tí èèyàn á fi lè yí i po lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, àti àga, àti orúkọ lábẹ́ àwòrán.

Kọ̀ǹpútà Aláriwo náà ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Ayàwòrán yìí kan náà ló ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra páálí méjì, ọ̀kan fún àbúrò, ọ̀kan fún Aláriwo. Ìwà rere nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ pè é ní ìwà òmùgọ̀, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn. Ó ń yí òrùlé po, ó ń wọ wọ́ọ̀dù, ó ń jáde, ẹ̀rọ kò kọsẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ sí ilé ìwòsàn gidi kan láti wọn bí ẹnu ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà tó padà délé, ó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jáde bọ̀.

"Mo ní kí n bá ẹ gbọn eruku inú ẹ̀rọ ẹ," ó ní.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá mi."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Tó bá ń kọ lẹ́tà, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá ti fẹ́ yí odindi ilé ìwòsàn náà po báyìí, ojú ẹ̀rọ á ṣú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé ó ń tàn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Ó ń tàn."

"Bó bá ṣáà ti ń tàn, kò sí wàhálà. Ìwọ lò ń fi iṣẹ́ pa á."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó ní iná ilé ni kò dúró déédéé. Kò ṣí àpótí náà. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀rọ bí ẹni bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gba iṣẹ́, ẹ̀rọ kú níbi tó ti ń tọ́jú àwòrán náà pamọ́. Ìgbà tó tàn, fáìlì ti bàjẹ́, kò ṣí mọ́. Ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́rin, àjà òkè kò tíì ní ilẹ̀kùn kan.

Ó ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn àkókò ló tó fi ránṣẹ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí kì í pariwo, pè é lórí fóònù.

"Ọwọ́ rẹ dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n yàrá mọ́kànlá lókè, kò sí ilẹ̀kùn. Níbo ni kí aláìsàn gbà wọlé?"

"Ẹ má bínú, mà," ayàwòrán ní. Òun ló tọrọ àforíjì! Wọ́n mú Aláriwo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí i. Ó jókòó tì í, ó ní ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ kò ní fò ó dá, ó gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, ó mú sukudiráfà bàbá wọn. Kò fura sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó pa á lẹ́kún ni. Ó tú sukúrù mẹ́rin, ó gbé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kúrò.

Eruku wà nínú rẹ̀ bí ó ṣe wà, ó nípọn, kò sẹ́ni tó gbọn nǹkan kan. Ojú ibi tí mẹ́mọ́rì wà nìkan ló mọ́, níbi tí ọwọ́ èèyàn ti dé. Ọ̀kan dúdú, ó parí sí mẹ́rìnlá. Èkejì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ti gbó, wọ́n sì fi íńkì funfun kọ nọ́ńbà kan sí i lára, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń kọ sára ohun tó bá yọ lára òkú ẹ̀rọ. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé àwòrán rẹ̀. Mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni pé pẹ́ńsù lè parọ́.

Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó rí àpótí tó là sílẹ̀, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ta ló ní kó o ṣí i?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, Bọ̀ọ̀dá. Èkejì mẹ́rìnlá dà?"

Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ọ̀kan nínú ti Aláriwo ló kú. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn. Ibi tí mo ti rà á ò ní irú ẹ̀ mọ́, tìẹ nìkan ló sì bá èyí tó kù mu. Ìwọ lo sì júwe mi fún un, mo ní kí ojú má tì ẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ni mo pè é. Mo ní tí òmíràn bá ti dé, màá dá tìẹ padà."

"Ṣé ó dé?"

"Ó dé." Ó wo ilẹ̀. "Oníbàárà míì ti ń dúró dè é."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ jókòó síbí. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ní èmi ni mò ń fi iṣẹ́ pa á."

"Mo rò pé wàá lè fara dà á ni. Aláriwo ò lè fara da nǹkan kan. Àbúrò mi ni ẹ́. Ta lèèyàn fẹ́ mú nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ bí kò ṣe ẹni ẹ̀?"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé kòkòrò náà á tún máa bi ẹ̀fọ́ léèrè ohun tó ń ṣe é.

"Má bínú sí mi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ tún ti ń padà dùn. "Aláriwo ò burú. Àná ló pè mí pé kí n wá fi mẹ́mọ́rì sí kọ̀ǹpútà mẹ́fà ní ọ́fíìsì wọn. Màá bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹ."

"Ṣó mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀?"

"Mi ò sọ fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Àbúrò rẹ̀ yọ wáyà iná. Ó fọwọ́ kan irin àpótí náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ṣí ìdè tó di mẹ́rìnlá mú, ó yọ ọ́, kò jẹ́ kí ìka òun kan eyín wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ fún un ní èyí náà," ó ní. "Tí ọ̀kan bá tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má baà tún wá gbọn eruku nígbà tí mi ò sí nílé."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ògbólógbòó yẹn nìkan ò lè gbé àwòrán kankan."

"Ṣé ó máa tàn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yí mẹ́rìnlá náà sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́.

"Bó bá ṣáà ti ń tàn," ayàwòrán ní, "kò sí wàhálà."

Ó gbé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà padà. Sukúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi dì í, ó fún ìkọ̀ọ̀kan títí tí kò fi lè yí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ láti bá a di àpótí náà mú. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.