Ọ̀nà Etí Adágún Tí Mo Là fún Marihot

Ohùn tí Marihot gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ dé orí fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo ń fi gírísì pa ṣéènì máṣíìnì kan. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti tó fún mi láti mọ̀ ọ́n. Ó ṣì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Àna mi, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà etí adágún Toba tó ọ. Máṣíìnì méjìlá la ní, láti Medan la ti ń bọ̀, àwọn ìyàwó wa á jókòó sẹ́yìn. A fẹ́ yí erékùṣù Samosir po ní Sátidé. Ibi tó rẹwà ni o, ibi tí èèyàn ti lè ya fọ́tò. Má gbé wa gba kòtò. Èmi ni olórí ẹgbẹ́. Bàbá Togu ni wọ́n ń pè ọ́, àbí?"

Tiodor ìyàwó mi ń yan kọfí nínú agbada lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbójú sókè.

"Àna mi? Ta ló fún un ní àbúrò yín?"

Bàbá Togu ni wọ́n ń pè mí lóòótọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí ọkùnrin bá ti bí àkọ́bí ni wọ́n ti ń ká orúkọ tirẹ̀ nílẹ̀. Saut ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n bàbá mi nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Marihot kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kó mọ̀. Bí ọmọ Batak méjì, ẹ̀yà tiwa, bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn kì í tíì béèrè àlàáfíà tí wọ́n á ti béèrè ìdílé. Ọmọ ìdílé wo ni ọ́? Ọmọ ta ni? Ìgbà tí wọ́n bá wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti pàdé tán ni wọ́n á tó mọ̀ bóyá àna ni wọ́n, bóyá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ìlú ńlá Medan ti gba ìyẹn lọ́wọ́ Marihot. Ó kàn fi àna pè mí, bí ẹni ń fi owó ẹyọ lé alágbe lọ́wọ́. Mo pinnu pé bó bá béèrè, mi ò ní purọ́: màá ní ọmọ ìdílé Sinaga ni mí, láti Lumban Hariara, lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù yìí. Kò béèrè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn rẹ̀ tún dé.

"Àna mi, kọ́nà kan wà lẹ́yìn Pangururan, níbi tí igi ńlá kan gbé nà sórí omi. Fi í sí i fún mi. Bàbá mi ni ọ̀gá àgbègbè yẹn nígbà kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo jí máṣíìnì tíṣà wa gùn, mo sì wà á bọ́ sínú adágún níbẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ kan tó ń da ẹfọ̀n ló fà mí jáde, ó tún padà lọ fa máṣíìnì. Nígbà tí àwọn èèyàn dé, ọwọ́ òun ló wà lára rẹ̀. Mo ní òun ló jí i! Wọ́n na ọmọ yẹn, àna mi, wọ́n nà án. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi lórí ẹmu. Mo fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Èmi ni ọmọ náà. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kejì, lẹ́yìn agogo ẹ̀kọ́ kejì. Mi ò tíì dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà torí ẹfọ̀n wa já okùn. Omi tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi rì, mi ò rí i mọ́. Ẹgba mọ́kànlá ni tíṣà nà mí, ìkeje ló bẹ́ mi lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàbá mi kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ní àgbàlá ọ̀gá àgbègbè, Marihot sì dúró sójú fèrèsé, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n lé mi kúrò nílé ìwé nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ku oṣù mẹ́ta. Mo lẹ táyà ní Tomok fún ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo yege ìdánwò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ní méjìdínlógún.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Ti ẹran ni mi ò lè gbé mì. Bí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀ níbi àsè lábúlé wa, alága a máa dúró lórí àkàsọ̀ ilé, a máa pe ilé kọ̀ọ̀kan wá gba ìpín tirẹ̀. Ẹran náà lè má kún àtẹ́lẹwọ́. Pípè tí wọ́n pè ọ́ ló ṣe pàtàkì. Láti ọdún náà, wọn kò pe ilé wa mọ́. Ilé olè kì í gba ìpín. Bí wọ́n bá ti ń pọ́n ọ̀bẹ ni bàbá mi máa ń dìde, á ní ẹ̀yìn ń dun òun, á sì máa lọ sílé. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á sin ín láìpè é.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo tẹ́ bébà sórí tábìlì, mo fi bírò pupa ya ọ̀nà Marihot. Mo ti là tó ọgọ́rùn-ún ọ̀nà fún àwọn arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n mi ò fara balẹ̀ tó báyìí rí. Ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀, oòrùn á ti sọ̀ kalẹ̀ sórí adágún, á máa tàn padà sójú ẹni tó bá ń yí kọ́nà yẹn. Kò ní rí ilẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àwọn tó ń tún títì ṣe kó iyanrìn jọ sẹ́bàá ibẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ló sì máa ń ṣáájú.

Ní Ọjọ́rú, mo gun máṣíìnì lọ síbẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí kọ́nà náà, tí mo ń wo aago. Mo bu iyanrìn sínú àpò kan kí n lè mọ bó ṣe máa ń yọ̀ lábẹ́ táyà, mo sì gbé e wálé.

Tiodor bá àpò náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Togu, kí nìyí?"

"Iyanrìn."

"Ẹ ṣeun. Mo rò pé ìrẹsì ni." Ó jókòó tì mí, ó gba bébà, ó fi ìka tọ ìlà pupa títí dé kọ́nà. Ó ti gbọ́ ohùn Marihot, ó sì mọ ìtàn náà tipẹ́. "Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀sán?"

Mo nawọ́ sí bébà náà, kò fún mi.

"Ìyàwó tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Òun náà ló purọ́ mọ́ yín?"

"Tiodor, dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á bá máṣíìnì nínú omi, wọ́n á sì bá ọmọ Sinaga létí omi. Lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé lálẹ́, ẹ bá mi ka ìyẹn." Ó dìde, ó gbé àpò náà, ó da iyanrìn sínú ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà níwájú ilé wa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ìgbà tí ẹ bá pa á tán, ta ló máa wá sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jí i? Òkú? Ẹnu tó ba ilé yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kó wà láàyè kó wá tún un ṣe."

Mo tún fa bébà náà sọ́dọ̀ mi. Kì í ṣe pé àánú Marihot ṣe mí. Mo kàn rí i pé ohun tí mo fẹ́ fún un kéré jù.

Mo ya ọ̀nà mìíràn. Ẹnìkan tó ti Jakarta dé ń ṣílé lábúlé wa ní Sátidé yẹn, agogo kan ọ̀sán ni wọ́n á sì pín ẹran. Mo pe Bàbá Lundu, alága àsè, pé mo ní àlejò mẹ́rìnlélógún.

"Ọmọ ìdílé wo ni wọ́n?" ni ohun àkọ́kọ́ tó béèrè.

"Ẹ ó bi wọ́n fúnra yín, bàbá."

Mo wá ń ka ìrìn wọn sẹ́yìn láti agogo kan. Agogo méje ni kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Tomok. Fọ́tò ní Simanindo, kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Epo àti kọfí ní Pangururan. Agogo méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ní kọ́nà náà, kí ìtàn lè gbóná lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àsè. Mo fi ránṣẹ́ sí i.

"Àsè ìbílẹ̀ gan-an!" ni ohùn rẹ̀ wí. "Àna mi, o mọṣẹ́!"

Ní Sátidé, ní Tomok, mo ṣí akoto lórí láti kí i. Ó ti sanra, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ tuntun. Ó wo ojú mi, ó wo máṣíìnì mi, ó ní, "Ìwọ nìyẹn? Ó dáa, ṣíwájú." Ojú tó wò nínú omi, ojú ẹni tó fi èékánná ya lọ́rùn kí òun má bàa rì, kò mọ̀ ọ́n.

Adágún rẹwà lọ́jọ́ náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Omi náà dúdú lábẹ́ òkè, ó funfun létí, oko ìrẹsì sì tutù yọ̀yọ̀ títí dé etí títì. Ní kọ́nà, Marihot na ọwọ́ bí ẹni ń wa máṣíìnì bọ́ sómi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a di máṣíìnì rẹ̀ mú kó má ṣubú. Ọwọ́ mi tún wà lára máṣíìnì, níbi tí wọ́n ti bá a nígbà kan.

A dé Lumban Hariara nígbà tí wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ. Bàbá mi ti fẹ́ máa dìde. Tiodor, tó ti ṣáájú wa débẹ̀, di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ̀yìn yín á rọ̀ yín lónìí."

Bàbá Lundu gun àkàsọ̀. "A ní àlejò. Ta ni olórí wọn? Kó sọ ìdílé rẹ̀ àti ohun tó so ó pọ̀ mọ́ wa, kí n lè mọ ìpín tí màá fún un."

Marihot dìde. Ó dárúkọ ìdílé rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ọ̀gá àgbègbè àtijọ́. Àwọn àgbà mirí.

"Sọ ti adágún fún wọn!" ni ìyàwó rẹ̀ ké láti ẹ̀yìn. "Sọ ti máṣíìnì tíṣà!"

Ó sì sọ ọ́. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó sọ bó ṣe jí kọ́kọ́rọ́, bó ṣe bọ́ sómi, bí ọmọ ẹlẹ́fọ̀n ṣe fà á. "Mo ní òun ló jí i! Wọ́n gbà mí gbọ́!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń rí i pé kò sẹ́ni tó bá wọn rín in. Ìyá arúgbó kan sọ ọwọ́ lé orí.

Bàbá Lundu sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan. "Ọmọ ẹlẹ́fọ̀n yẹn, ọmọ ìdílé wo ni?"

"Bàbá, mi ò béèrè. Ọmọ kan ṣá ni."

"Sinaga ni," ni mo wí. Mo gbé akoto mi sílẹ̀. "Saut ni. Bàbá mi nìyẹn, tó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ."

Marihot wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí mi. Ẹnu rẹ̀ là, ẹ̀rín fẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ kò rí èyí tó máa rín.

"Kí oṣù yìí tó parí," Bàbá Lundu wí, kò pariwo, "wàá mú ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja ẹ̀bẹ̀ wá sí àgbàlá bàbá Saut, wàá fọwọ́ ara rẹ bù ú fún un jẹ, ní ojú gbogbo wa. Bí o kò bá wá, a ní èèyàn ní Medan, a mọ àwọn àgbà ìdílé rẹ. Lónìí, o ò ní ìpín níbí." Ó padà sórí àkàsọ̀. Ó gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà lóko gbọ́. "Ilé Sinaga, bàbá Saut! Wá gba ìpín rẹ!"

Bàbá mi kò lè dìde. Èmi ni mo lọ gbà á.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Marihot ti ń yí máṣíìnì wọn padà. Ìyàwó rẹ̀ gun ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Marihot wá bá mi létí ọgbà, akoto lábẹ́ apá.

"Àna mi," ó ní, "ọ̀nà wo la máa gbà padà?"

"O ò bẹ̀ mí ní ọ̀nà àbọ̀," mo dá a lóhùn. "Àlọ nìkan ni mo là. Adágún wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Wá bí o ṣe máa ṣe é."

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi. Ó gbé ẹran náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ó le," ó ní. "Mo ní eyín nígbà náà, Saut. Gbogbo eyín mi ló pé nígbà náà."

Tiodor fa ọ̀bẹ kékeré kan yọ nínú aṣọ rẹ̀. Ó ti mú un ti ilé wá. Mo gé ẹran náà wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń gé e fún ọmọdé. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ gan-an. Mi ò wo ẹ̀yìn wo máṣíìnì èyíkéyìí títí ó fi jẹ ẹ́ tán.